Ẹ Bi Wá Léèrè: William Henry Lewis, Agbábọ́ọ̀lù, Akọ́nimọ̀ọ́gbá àti Agbẹjọ́rò

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yàn láti dáhùn nínú ìtẹ̀jáde yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dá lé. Nínú ìtẹ̀jáde tí ó kọjá, a dárúkọ William Henry Lewis ní gbólóhùn kan, pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n kà mọ́ àwọn ààyò agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Àwọn òǹkàwé wa ní Ìbàdàn fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé ọkùnrin náà ṣe ohun tí ó ju kí a kàn pè é ní ẹni àkọ́kọ́ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Mọ́lété, èmi sì ni mo ń bójú tó eré ìdárayá. Mo ka orúkọ Lewis sí àwọn ọmọ kíláàsì mi létí, wọ́n sì da ìbéèrè bò mí: irú bọ́ọ̀lù wo ni ó gbá, ọmọ ta ni, báwo sì ni ọmọ àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí ṣe dé Harvard ní ayé ìgbà yẹn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á yé wọn.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1868 ni wọ́n bí Lewis ní Berkley, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ìlú kékeré kan tí ó ti di ara Norfolk báyìí. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wà ní oko ẹrú kí òmìnira tó dé, kò sì ju ọdún mẹ́ta lọ tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti parí nígbà tí wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ di oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1869, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rutgers àti ti Princeton gbá ìdíje tí àwọn òpìtàn ń kà sí àkọ́kọ́ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì ní Amẹ́ríkà, Rutgers sì borí pẹ̀lú 6 sí 4. A lè sọ pé Lewis àti eré náà jọ dàgbà pọ̀ ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ Virginia dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Petersburg, èyí tí à ń pè ní Virginia State University lónìí, ni ó kọ́kọ́ lọ. John Mercer Langston, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú tí ó tún di aṣòfin àpapọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ni ó jẹ́ olórí ibẹ̀, òun ni ó sì ràn án lọ́wọ́ tí ó fi dé Amherst College ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ọdún 1888. Òun àti aláwọ̀ dúdú mìíràn, William Tecumseh Sherman Jackson, ni wọ́n jọ wọ ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amherst. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, fi í ṣe balógun ikọ̀ ní ọdún 1891, nígbà tí ó sì tó àkókò láti gboyè ní 1892, òun ni wọ́n yàn kí ó sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo kíláàsì. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti Harvard ni ó gbà lọ láti ibẹ̀. Òfin eré ìgbà náà kò ka iye ọdún tí ènìyàn ti gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn sí i lọ́rùn, nítorí náà ó tún gbá ọdún méjì fún Harvard nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Ní ti bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá lórí pápá yín. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, àwọn mọ́kànlá sì ń kojú àwọn mọ́kànlá. Ìgbìyànjú mẹ́ta ni ikọ̀ kan ní láti fi gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 5, bí wọn kò bá sì lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹni tí ó bá gbé e kọjá ìlà ìpẹ̀kun àwọn alátakò gba àmì 4, bí wọ́n bá ta bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún gba àmì 2, bí wọ́n bá sì ta á wọlé láti inú pápá nígbà tí eré ń lọ, àmì 5 ni. Nítorí pé yáàdì 5 péré ni wọ́n ń wá, tí kò sì sí ọ̀nà láti ju bọ́ọ̀lù kọjá lórí àwọn alátakò, gbogbo eré náà di ìfarakanra àárín pápá, ìlà méjì a dojú kọ ara wọn bí ẹni tí ó fẹ́ wọ ìjàkadì, wọn a sì máa ti ara wọn. Ara ni wọ́n fi ń gba gbogbo rẹ̀.

Àárín ìlà yìí gan-an ni Lewis wà. Ẹni àárín ni ó máa ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ní kété tí ó bá sì ti fi í sílẹ̀ ni àwọn alátakò yóò ya lù ú. Ẹni tí ó sanra jù lọ nínú ikọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀, kí ó lè dúró bí ògiri. Lewis kò tóbi: nǹkan bíi pọ́n-ùn 175 ni ó wọ̀n, èyí tí kò pé kílò 80. Ìyára àti òye ni ó fi dípò ìwọ̀n. Ó máa ń gbéra kí ẹni tí ó dojú kọ ọ́ tó mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń kúrò lójú kan láti lọ mú ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù ní ibòmíràn. Walter Camp ti Yale, ẹni tí ó kọ púpọ̀ nínú òfin eré náà, tí ó sì máa ń to orúkọ àwọn mọ́kànlá tí wọ́n dára jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà lọ́dọọdún, fi Lewis sí ipò àárín ní 1892, ó sì tún fi í síbẹ̀ ní 1893. Ẹ rántí pé alátakò pátápátá ni Yale àti Harvard jẹ́ sí ara wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ Camp lórí agbábọ́ọ̀lù Harvard kì í ṣe ojúsàájú.

Àwọn ọmọ yín á gbádùn ìtàn kan láti inú ìdíje Harvard àti Yale ti oṣù Kọkànlá ọdún 1892 ní ìlú Springfield. Ọ̀gbẹ́ni Lorin Deland, oníṣòwò ará Boston tí kò gbá bọ́ọ̀lù yìí rí ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ràn ìwé nípa ọgbọ́n ogun, ló dá ète kan fún Harvard: kí àwọn agbábọ́ọ̀lù pín sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n sáré láti òkèèrè, kí wọ́n pàdé bí orí ọfà, kí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù sì wà láàárín wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì ni wọ́n lò ó, ó sì ya àwọn Yale lẹ́nu gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yale ni ó borí níkẹyìn pẹ̀lú 6 sí 0. Ète náà ṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù léṣe tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi òfin dè é ní 1894. Lewis wà lórí pápá ní ọjọ́ náà.

Kí àwọn ọmọ Ìbàdàn lè mọ ìgbà tí à ń sọ, ọdún 1893 tí Lewis gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kẹ́yìn, tí ó tilẹ̀ ṣe adelé balógun ikọ̀ Harvard nínú ìdíje ìkẹyìn, ni ọdún tí àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹjọ, tí àwọn ọmọ ogun Kírìjí sì tú ká.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Òkè-Àdó, nítòsí pápá ìṣeré ńlá. Mo kà á níbì kan pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Lewis fi kọ́ ikọ̀ Harvard, síbẹ̀ n kò rí orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n to sílẹ̀ pé wọ́n jẹ́ ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀. Ṣé wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, wọn kò pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kan ibi tí ó yẹ kí a dúró lé. Láti 1895, nígbà tí Lewis parí ẹ̀kọ́ òfin, títí di 1906, ó wà lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Harvard, àwọn tí wọ́n wà ní ìlà iwájú àti ọ̀rọ̀ dídènà sì ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé jù lọ. Orúkọ ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá kò fi ìgbà kan jẹ́ tirẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. Iṣẹ́ ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe iṣẹ́ owó oṣù ní Harvard. Ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, ni wọ́n sábà máa ń fà á lé lọ́wọ́ fún ọdún kan tàbí méjì, a sì gbé e fún ẹlòmíràn. Cameron Forbes ṣe é ní 1897 àti 1898, Benjamin Dibblee gbà á ní 1899 àti 1900, Bill Reid ṣe é ní 1901, John Farley ní 1902, John Cranston ní 1903, Edgar Wrightington ní 1904, kí Reid tó padà wá ní 1905, ìgbà yìí pẹ̀lú owó tó pọ̀. Ẹ wo àwọn orúkọ yẹn dáadáa. Bí àwọn ọ̀gá ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, Lewis kò kúrò. Òun ni ó mọ ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún tí ó kọjá, òun ni ó mọ ohun tí Yale fi borí wọn nígbà kan àti ohun tí àwọn fi borí Yale nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni agbẹjọ́rò tí ó ní oníbàárà tirẹ̀ ní Boston ni.

Èso iṣẹ́ náà hàn. Ní 1898, Harvard gbá ìdíje 11, wọ́n borí nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lu Yale ní 17 sí 0. Ní 1901, ìdíje 12 ni wọ́n gbá, 12 ni wọ́n borí, Yale sì jẹ 22 láìgba ẹyọ kan padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni mọ̀ pé ikọ̀ tí alátakò rẹ̀ kò rí àmì kan gbà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó le, dídènà sì ni iṣẹ́ Lewis.

Ó tún kọ ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1896, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Harper tẹ ìwé rẹ̀ jáde, A Primer of College Football, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí a kọ láti fi kọ́ni ní eré náà. Láti ìpìlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀: bí ènìyàn ṣe ń ṣubú lé bọ́ọ̀lù láìfarapa, bí a ṣe ń di alátakò mú, iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀, kí ó tó wá kan bí ikọ̀ lápapọ̀ ṣe ń kọlù àti bí ó ṣe ń dènà. Nǹkan tí ó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni pé ó gbà pé a lè kọ́ ẹni tí kò tóbi láti borí ẹni tí ó tóbi. Ara tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ìgbà tí ó ń kọ́ni ni eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ìfarakanra tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè ń pa àwọn ọ̀dọ́, ó sì ń sọ àwọn mìíràn di aláàbọ̀ ara. Charles Eliot, olórí Harvard fúnra rẹ̀, fẹ́ kí wọ́n fi òpin sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1905, Ààrẹ Theodore Roosevelt, tí òun náà jáde ní Harvard, pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí ilé ìjọba, ó sì ní kí wọ́n tún ìwà ara wọn ṣe. Àwọn òfin tuntun jáde ní 1906: wọ́n gba jíju bọ́ọ̀lù síwájú láàyè, yáàdì 5 di 10, wọ́n sì ní kí àlàfo tó gùn tó bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wà láàárín ìlà méjèèjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn eré náà máa ń ka Lewis mọ́ àwọn tí èrò àlàfo yìí ti ọwọ́ wọn wá, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé ẹni tí ó ti dúró ní ojú ibẹ̀ gan-an ni ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé àwọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá? Èrò tèmi ni pé kò lè ṣàì lọ́wọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó pẹ́ tó o lẹ́nu iṣẹ́ náà nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn náà kò tì pa níbi gbogbo: ní 1904, Matthew Bullock, aláwọ̀ dúdú tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Dartmouth, di ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Massachusetts. Bullock náà padà di agbẹjọ́rò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè, Olóòtú. Agbẹjọ́rò ni mí, ilé-ẹjọ́ Ìyágankú ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà fẹ́ lé Lewis jáde nígbà tí ó wà ní ipò ìjọba. Ṣé òótọ́ ni? Kí sì ni òkìkí bọ́ọ̀lù ṣe fún un nínú iṣẹ́ òfin?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ọ̀gá agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Nígbà tí Lewis wà ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin, tí gbogbo àwọn tí ń wo bọ́ọ̀lù ní Massachusetts mọ orúkọ rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan nítòsí Harvard láti fá irùngbọ̀n, ẹni náà sì kọ̀ láti fá a nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Bí òkìkí eré bá lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀, òun ni ì bá gbà. Lewis kò bá a jà. Òun àti agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú kan, Butler Wilson, gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ, wọ́n sì tún òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe kí ó lè ká irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ó ṣe lo òfin níhìn-ín ni ó ṣe lò ó títí ayé rẹ̀.

Wọ́n yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú Cambridge ní 1899, ó sì tún dé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ fún sáà kan lẹ́yìn náà. Ní 1903, Roosevelt fi í ṣe igbákejì agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní Boston, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Òkìkí bọ́ọ̀lù ṣèrànwọ́ níbẹ̀, kí a má purọ́, nítorí pé ọmọ Harvard tí ó fẹ́ràn eré yìí ni Roosevelt. Ọ̀nà kejì ni Booker T. Washington, ẹni tí ẹnu rẹ̀ tọ́rọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ ìjọba nípa ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Lewis ti bá Washington ṣe àríyànjiyàn tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wá di alátìlẹyìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1903, Lewis ni alága ìpàdé kan ní Boston tí Washington fẹ́ ti sọ̀rọ̀, tí William Monroe Trotter, aláwọ̀ dúdú olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Boston, àti àwọn mìíràn tí wọ́n tako Washington dìde sí i tí rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ọlọ́pàá mú Trotter. Àwọn kan kò dárí ìyípadà yẹn jì Lewis. N kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ipò náà ṣe ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní 1911, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i pé kí ó di igbákejì Agbẹjọ́rò Àgbà fún gbogbo Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí Ààrẹ William Howard Taft ti fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, tí àwọn aṣòfin Gúúsù sì ti bá a jà fún oṣù díẹ̀. Kò sí aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti yàn sí ipò tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ààrẹ rí. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà gba òun, Butler Wilson àti William Morris wọlé, láìmọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n mọ̀, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ náà dìbò láti fagi lé e. George Wickersham, Agbẹjọ́rò Àgbà tí Lewis ń bá ṣiṣẹ́, bínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ lẹ́tà sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà, nǹkan bíi 4,700. Ní ìpàdé ọdún 1912, wọ́n gbà kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, ṣùgbọ́n wọ́n pàṣẹ pé láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀. Ìpinnu burúkú gbáà ni, nítorí pé ó gba ẹni mẹ́ta, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó di 1943 kí ẹgbẹ́ náà tó kéde pé ẹ̀yà kì í ṣe ìdínà mọ́.

Nígbà tí Ààrẹ Woodrow Wilson gorí àlééfà ní 1913, Lewis fi ipò sílẹ̀, ó padà sí Boston, ó sì ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò níbẹ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1949 tí ó kú.

ÌBÉÈRÈ: Bódìjà ni mò ń gbé, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè mi kúrú. Ǹjẹ́ àwọn tó ni eré náà rántí Lewis lẹ́yìn ikú rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wọ́n rántí, Bàbá wa, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ọdún 2009 ni wọ́n tó yàn án sínú gbọ̀ngàn àwọn olókìkí bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rí kò sí: ní 1900, nígbà tí Walter Camp to orúkọ àwọn mọ́kànlá tí ó kà sí èyí tó dára jù nínú gbogbo àwọn tí ó ti gbá eré náà títí di ìgbà yẹn, Lewis ni ó fi sí ipò àárín. Ẹni tí ó bá ka ohun tí Camp kọ nígbà náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú láti ìgbà tí Lewis ṣì ń lọ sí pápá Harvard láti kọ́ àwọn ọmọ.